Gẹ̀ẹ́sì Ayẹkòkówò àti Ọ̀bẹ Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn kòkó sísá máa ń gba gbogbo Ìdó-Ilé, ìlú wa ní Èkìtì, tí ènìyàn kò lè ti ilé dé odò láìfo ẹní tí wọ́n sá kòkó lé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo wà ní ilé ìwé módà ní Arámọkọ nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi láti Arámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí mo gbójú lé kò ju ìwé ìkọ̀wé kan lọ, èyí tí mo ń kọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sí, tí mo sì ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni ń tọ́jú wúrà.

Olùkọ́ wa ni ó kó àrùn náà ràn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé, kò sì lè béèrè omi mímu kó má kọ́kọ́ sọ pé “ásíà-mátà-fáàtì”. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ rèé. “Tù-bì-fíráǹkì” ni kí n má tàn ọ́ jẹ. Èyí tó gùn jù nínú wọn, “ọ́ńdà-nọ́mà-sákọ́ńsítáǹsì”, ni bí nǹkan bá rí bó ṣe yẹ kó rí. “Yù-sí” kò ní iṣẹ́ kan pàtó, ó kàn dà bí ìgbà tí ènìyàn wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni. Olùkọ́ ní ẹni tí kò bá mọ àwọn wọ̀nyí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo há gbogbo wọn sórí, mo ń sọ wọ́n sí ewúrẹ́, mo ń sọ wọ́n sí adìẹ. Nígbà tí ìyá mi béèrè bóyá mo ti fọ ìkòkò, mo ní, “Tù-bì-fíráǹkì, Yèyé, ásíà-mátà-fáàtì...” Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, “O fọ̀ ọ́ ni, àbí o kò fọ̀ ọ́?” Mo ní n kò tíì fọ̀ ọ́. Ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà, pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Oko kòkó kan ló fi sílẹ̀, lọ́nà Òkèmẹ̀sí, èmi ọmọbìnrin nìkan ṣoṣo ni ó sì bí. Ìyá mi ló ń ro oko náà. Ó ń bo kòkó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ó ń yí i padà, ó ń sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, kò sì ní kó o sínú àpò títí yóò fi gbọ́ bó ṣe ń dún nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ti ń wo oko náà tipẹ́. Ó ní obìnrin kò mọ kòkó í ṣe, ó ní bí òun bá gbà á tọ́jú, yóò sàn fún gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n dá kòkó ìyá mi padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan náà, àbúrò bàbá mi kó àwọn àgbà ilé jọ. Wọ́n dájọ́ pé bí wọ́n bá tún dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìyá mi jọ̀wọ́ oko náà fún un. Ìyá mi kò sunkún níwájú wọn. Nígbà tí a délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

Ẹni tó ń dá kòkó padà ni ayẹkòkówò, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá sí ìlú wa ní ọjọ́ ọjà láti yẹ kòkó wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ní kòkó kò dára, kò sí ẹni tí yóò rà á. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Akọ̀wé rẹ̀ a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá a sọ̀rọ̀ títí itọ́ a fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, akọ̀wé a yíjú sí àgbẹ̀, a ní, “Wọ́n ní kò dára.” Ó tán. Àwọn obìnrin ìlú wa wá ń ka “ásíà-mátà-fáàtì” rẹ̀ bí ẹni ń ka èèmọ̀. Wọ́n ní bó bá wí i lẹ́ẹ̀kan, ìrètí wà. Bó bá wí i lẹ́ẹ̀mẹta, kòkó ẹni ti bọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ gbààwẹ̀ kí ó má bàa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ń tẹnu ọkùnrin náà jáde, àwọn ni kò gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta pé, ìyá mi kò jẹ́ kí n lọ sí ilé ìwé. Ó ní, “Ìwọ ni ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wá gbọ́ ọ fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí kòkó mi ṣe.” Mo múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Àbúrò bàbá mi ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, òun àti àgbà ilé méjì. Ayẹkòkówò ki ọwọ́ bọ àpò ìdọ̀họ àkọ́kọ́, ó mú kòkó kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Ó wá bẹ̀rẹ̀. “Yù-sí, ásíà-mátà-fáàtì, ọ́ńdà-nọ́mà-sákọ́ńsítáǹsì, tù-bì-fíráǹkì...” Ó ń bá a lọ, ó ń na ìka, ó sì tún ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ti kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo gbọ́ tí ẹnì kan pòṣé nítorí tiwa. Akọ̀wé la ẹnu. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè sí i, ó kọjú sí mi.

“Kí ló wí?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni mo mọ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló wà nínú ìwé abẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo wá inú wọn, mo tún wá a, bí ẹni ń tú àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ rèé: òtítọ́ wo? Kí n má tàn ọ́ jẹ: lórí kí ni? Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò sọ àbọ̀, kò sọ ìdá mẹ́rin. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo bínú sí i, mo bínú sí olùkọ́ mi, mo bínú sí ara mi jù.

Mo ní, “Yèyé, kò tíì sọ nǹkan kan.”

Ìyá mi ní kí n bi í léèrè ohun tó ṣe kòkó òun. Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún da àwọn ọ̀rọ̀ náà lé mi lórí, kíkankíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, “Kò tíì sọ ọ́ síbẹ̀.”

Ìyá mi tú ìdí ìró rẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tí bàbá mi fi ń la kòkó wò nígbà ayé rẹ̀ ni ó mú jáde. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé wọn kì í fi ìta kòkó dájọ́. Wọ́n ń là á ni. Ayẹkòkówò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò là á rí ní ìlú wa. Ìyá mi na ọ̀bẹ náà sí i.

“Là á, kí a rí unú rẹ̀.”

Yorùbá ọkùnrin náà padà dé lójijì. “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ sì ń pè mí ní ìwọ?”

Ní ọ̀dọ̀ wa, ìwọ ni à ń pe gbogbo ayé, àtọba àtìjòyè, kì í ṣe àfojúdi. Ìyá mi kò bẹ̀bẹ̀, kò sì pariwo. Ó ní, “N kò kọ́ ọ ní uṣẹ́. Uṣẹ́ rẹ ni mo ní kí o ṣe.”

Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ. Ó bu kòkó láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí pátákó, ó ń là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn pọ́n dúdú dáadáa, ó sán bó ṣe yẹ kí kòkó tó gbẹ sán. Àádọ́ta ni ó là, méjì péré ni inú wọn ti bu. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan mọ́. Ó lu òǹtẹ̀ ìjọba sára àwọn àpò náà pé wọ́n dára, ó sì pe ẹni tó kàn. Obìnrin tó kàn náà kò tíì sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ tó fi yá ọ̀bẹ ìyá mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àbúrò bàbá mi ti lọ.

Ìyà rẹ̀ jẹ mí ṣá. Ayẹkòkówò fi ẹjọ́ mi sun ilé ìwé, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìtúúbá ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ ọ́: mo ní èmi ni wọ́n bi léèrè ohun tó sọ, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́. Olùkọ́ ní lẹ́tà náà gbẹ, kí n fi àwọn ọ̀rọ̀ tí òun kọ́ wa sí i kó lè rọ̀. Mo ní kò sí ibi tí wọn yóò wọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gé koríko pápá. Mo fi ìwé abẹ́ ìrọ̀rí mi dáná.

Àwa ìyá àti ọmọ ló ní oko náà títí ìyá mi fi kú, ó sì wà lọ́wọ́ mi di òní. Èmi náà ṣe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì kọ́ ọmọ kankan ní ásíà-mátà-fáàtì. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò kú o. Wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ọmọkùnrin mi wá láti ìlú ńlá ní òjò tó kọjá, ó jókòó tì mí, ó ní, “Bésíkàlì, Mọ́mì, át-dì-ẹ́ńdì-ọ̀f-dì-déè, ọ́nẹ́sítìlì...” Mo jẹ́ kó sọ ọ́ títí. Mo wá dìde, mo mú ọ̀bẹ kékeré náà láti inú àpótí, mo gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Láti kékeré ló ti mọ ìtàn rẹ̀.

Mo ní, “Là á, kí a rí unú rẹ̀.”

Ó ní, “Mo fẹ́ kí ẹ ta oko náà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé n kò ní tà á, mo sì bu oúnjẹ fún un.