Omi Tó Mọ́ Jù Nínú Ilé

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò tíì fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé mi n'Ísẹ́yìn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó nǹkan kan. Bí òjò bá dé, á pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó máa wò ó bóyá omi ni àbí tíì tí ẹnì kan ti da mílíìkì sí. Mo ti bá a gbé pẹ́. Mo ń fi álọ́ọ̀mù sí i, ó ń tòrò, mo ń mu ún, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ikùn mi mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ ikùn mi. Kò sẹ́ni tó ń yájú sí ẹnì kejì.

Ìyá mi ló wá da àárín wa rú. Àgọ́-Àrẹ ló ń gbé látìgbà tí mo ti dáyé, ó sì ti dàgbà dé ibi tí àwọn tó lè pe orúkọ rẹ̀ gan-an ti kú tán. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé òun àti àmù omi rẹ̀ wá bá mi. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, omi ni. Ara màmá ò lè gba irú èyí lẹ́ẹ̀kejì o. Omi tó bá mọ́ nìkan ni kí wọ́n máa mu."

Àwọn ọmọ mi ti fò lọ tán, ìyá yìí nìkan ló kù tó ń bá mi wí nígbà tí mo bá pẹ́ délé. Mo pinnu pé omi kọ́ ni yóò pa á, kì í ṣe lójú mi. Tíṣà sáyẹ́ǹsì sì ni mí. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo kọ́kọ́ se omi. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó ní omi tí iná ti jó, òkú omi ni. Mo ra omi inú ọ̀rá. Ó ní ọ̀rá lòun ń mu, kì í ṣe omi. Ló bá di dandan kí n wá fílítà tí yóò máa jókòó sórí pèpéle ilé ìdáná, tí yóò máa sẹ́ omi kànga náà láìpa á.

Ọkùnrin tó ń tà á lẹ́bàá ọjà kò gbàgbọ́ pé ó yẹ kí oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó gbá ẹ̀yìn fílítà àkọ́kọ́ bí ẹni ń ta màlúù. "Èyí lọba wọn. Ẹ ó kàn dè é mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná yín ni." Mo ní ẹ̀rọ omi lóòótọ́. Látìgbà tí wọ́n ti rì í mọ́ ògiri, ọmọńlé kan ṣoṣo ló ti yọjú níbẹ̀, òun náà kò sì padà wá mọ́. Ọkùnrin náà sún mọ́ èkejì, tó ń tan iná búlúù yẹ̀rìyẹ̀rì. "Iná mànàmáná ni èyí ń lò." Mo wò ó, ó wò mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ èkejì sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò ní ìgbéraga. Kòròbá onírin méjì ni, ọ̀kan jókòó lórí ọ̀kan, ọ̀pá funfun kan sì dúró ṣánṣán nínú ti òkè bí àbẹ́là. Ẹ ó da omi sí ti òkè, yóò gba ara àbẹ́là náà kán sí ti ìsàlẹ̀, ẹ ó wá ṣí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ ó bù ú. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe àbẹ́là náà.

"Amọ̀ ni, Àǹtí. Amọ̀ òyìnbó."

Ẹ̀rín pa mí. Amọ̀ tí a lé jáde nílé lọ́jọ́ tí a ra fíríìjì, tí a fi àfọ́kù rẹ̀ bu omi fún adìẹ, òun ló re òkè òkun, tó lọ gba orúkọ, tó tún padà wá bá wa bí ẹni ńlá. Mo san owó tó yẹ ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí mi létí: kí n da omi àkọ́kọ́ nù, bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, kí n fi kànìnkànìn tó rọ̀ fọ àbẹ́là náà jẹ́jẹ́, bó bá sán, kí n jù ú nù kí n ra òmíràn. "Ẹ má fi ọṣẹ kàn án o. Amọ̀ á mu ọṣẹ, ẹ̀yin náà á wá máa mu ọṣẹ."

Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ohun tí mi ò retí rárá. Ó fa àpótí sẹ́bàá rẹ̀, ó tẹ́tí sí bí omi náà ṣe ń kán sísàlẹ̀, tó, tó, tó.

"Ó ń fa tẹ̀sùbáà," ó ní.

"Tiyín nìkan ni, Màámi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi tó mọ́ jù nínú ilé yìí nìyẹn."

"Tó mọ́ jù?"

"Òun ló mọ́ jù."

"Alihamudulilahi." Ó súre fún mi títí oúnjẹ fi tutù. Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó wọlé tí kò ní mú lọ wo asẹ́ tí ọmọ òun rà fún òun. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kí i kú oríire, ó sì wá ń ṣe mí bí ẹni tó ra mọ́tò.

Kí n tó lọ síléèwé láràárọ̀, mo máa ń rọ omi kún un. Bí mo bá fi máa dé, ti òkè á ti gbẹ, ti ìsàlẹ̀ á ti gbẹ. Inú mi kọ́kọ́ dùn: màmá ń mu omi. Nígbà tó yá ni mo wá rò ó pé ẹṣin pàápàá kò lè mu tó bẹ́ẹ̀. Mo nu ẹnu ẹ̀rọ kékeré náà, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kò jò. Ọyẹ́ sì ti dé nígbà náà, ó ń la ètè, ó ń la ẹsẹ̀. Mo bá fọgbọ́n orí mi yanjú rẹ̀: ọyẹ́ ló ń fa omi náà gbẹ. Èmi tí mo máa ń ya òòrùn àti òkun àti ìkùukùu sójú pátákó, mo dúró sílé ìdáná mi, mo ń ṣàlàyé fún ara mi bí omi ṣe ń gòkè re ojú ọ̀run láti inú kòròbá tó ní ìdérí. Kò sí ọmọ kíláàsì mi tó kọ irú rẹ̀ tí mi ò ní fún ní òdo.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ, tí òjò tún dé, tí omi kò yéé pòórá, mo yí ẹ̀sùn náà sórí àbẹ́là. Mo ń fọ̀ ọ́ ṣáá. Mo fọ̀ ọ́ ní àárọ̀, mo fọ̀ ọ́ tí mo bá ti iṣẹ́ dé, mo ń fi kànìnkànìn họ ọ́ títí ó fi tín-ín-rín bí igi ṣọ́ọ̀kì. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ìgbẹ́ gbuuru náà sì padà wá. Ojú ìyá mi jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ dúró síbi tí wọ́n bá fà á sí. Nọ́ọ̀sì kan náà la bá, ó sì wò mí lójú. "Ṣé omi tó mọ́ ni wọ́n ń mu?" Mo fi Ọlọ́run búra fún un. Nígbà tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbà á mọ́ dáadáa, mo sì mọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, n ò ní mú un padà sílé.

Ẹ̀rù tó bà mí yí padà di ìbínú. Mo gbé fílítà náà sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, ó di ìsọ̀ ọkùnrin tó tà á fún mi. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń lọ dúró wòran: ó ta ẹrù burúkú fún mi, ó fẹ́ pa ìyá mi. Ó ṣí i, ó yọ àbẹ́là náà jáde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló ń họ amọ̀ yìí bí ẹni ń họ iṣu?"

Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó rọ omi sí i, ó da àkọ́kọ́ nù, a jọ jókòó títí òmíràn fi kán. Ó bù ú, ó mu ún lójú gbogbo èrò, ó nu ẹnu. "Tí mo bá kú, Àǹtí, ẹ wá kó gbogbo ìsọ̀ yìí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe ti ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níléèwé, mo padà délé kí ìrun Alásàrì tó wọlé, kí n lè fojú ara mi rí ibi tí omi náà ń lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà. Ìyá mi wà nílé ìdáná, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó sì gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ sábẹ́ ẹnu fílítà, ó ń dúró kó kún. Ó gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó tu omi náà dànù. Ó fọ ojú, ó fọ apá dé ìgúnpá, ó pa orí, ó fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, kò kánjú. Omi náà ń ṣàn lọ sídìí ewúro, adìẹ mi méjì sì dúró níbẹ̀, wọ́n ń mu omi tó mọ́ jù nínú ilé. Nígbà tó parí, ó wọ yàrá, ó lọ síbi àmù tó gbé wá láti Àgọ́-Àrẹ, tí mo rò pé omi fílítà ló ń dà sínú rẹ̀. Omi kànga ni, mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Ó bù ú, ó mu ún gbùn-ún gbùn-ún.

Ó ti wà lórí ẹní ìrun kí n tó lanu, a kì í sì í bá ẹni tó ń kírun sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bínú, mo ń retí kó sálámà, kí ìrun parí. Kò tíì jáwọ́ nínú àdúà tí mo fi wọlé.

"Màámi, omi mímu ni omi yẹn!"

"Ṣé o ò sọ pé òun ló mọ́ jù ni?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí n ó fi èyí tó mọ́ jù ránṣẹ́ síkùn, tí n ó wá fi omi ẹrẹ̀ lọ dúró níwájú Ọlọ́run? Ta ló fẹ́ wo ikùn mi?"

Mo ní nọ́ọ̀sì fẹ́ wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé àwọn kòkòrò tí ojú kò rí. Ó ní ojú kò rí máláíkà náà, àwọn ni òun sì kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn. Mo ní omi kànga tó fún àlùwàlá, kó bi àfáà èyíkéyìí.

"Mo mọ̀ pé ó tó. Ohun tó tó àti ohun tó dára jù, ṣé ọ̀kan náà ni?" Ó gbé tẹ̀sùbáà lé itan. "O ra asẹ́ yìí kí n má baà kú. O ṣé, ọmọ á tọ́jú ìwọ náà. Àmọ́ n ó kú. Bí mo bá sì ń lọ, mo fẹ́ mọ́ lọ. Mo ti ṣe tán."

Gbogbo ìbínú mi di omi lójú.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe tán, Màámi. Èmi ò tíì ṣe tán."

Látìgbà tó ti bí mi, mi ò rántí ọjọ́ tó gbà fún mi nínú iyàn, mi ò sì retí pé ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ó wo iwájú orí mi, ó wo aṣọ iṣẹ́ tí mi ò tíì bọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Lọ bù ú wá."

Mo bù ú wá. Ó mu ún bí ẹni ń mu oògùn, ó mu ún tán, ó ní kò dùn lẹ́nu rárá. Ó wá na ife náà sí mi padà.

"Bu òmíràn. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń mu ún o."