Ẹja Òkè Ìgbẹ́tì ní Ajáǹgbádì

Láti ọdún 1984 ni Ládépọ̀ ti ń gé gíláàsì fèrèsé ní Ajáǹgbádì, l'Ékòó. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ òkè ìlú rẹ̀, yóò gbàgbé ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1991, ó lọ sílé lọ sọmọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sódò abẹ́ òkè tó ti ń wẹ̀ ní kékeré. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàárín òkúta, wọn ò gùn ju ìka lọ, ẹ̀gbẹ́ wọn ń dán yinrin. Ó fi asẹ́ gbọ́n mẹ́sàn-án sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé e lé itan títí dé Èkó.

Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ yọjú wo inú kẹ́ẹ̀gì. "Bàbá Rónkẹ́, ẹja wo lẹ gbé wá yìí? Kò mà lè yó ológbò!"

Ládépọ̀ fi àgékù gíláàsì ṣe àpótí, ó bu omi sí i, ó kó wọn sí i, ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn kí gbogbo ayé lè rí i. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹja náà ń yanu lókè omi. Méjì kú. Rónkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bú sẹ́kún.

Bàbá Rájí, onílé wọn, ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pẹja lọ́sà, ti ìka bọ omi náà.

"Ládépọ̀, ṣé o fẹ́ sè wọ́n ni? Omi òkè tutù, ó sì ń ṣàn. Eléyìí gbóná, kò sì mira!"

Bàbá fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò amọ̀ jáde. Wọ́n lu ihò tín-ín-rín sídìí rẹ̀, wọ́n gbé àpótí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tutù, wọ́n pọn omi sí ìkòkò náà, wọ́n gbé e lé àpótí lórí, omi ń kán tó, tó, tó. Rónkẹ́ ló ń bu omi àpótí padà sínú ìkòkò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ẹja méjèèje kọrí síbi tí omi ti ń kán, wọ́n ń bá a jà bí ọmọdé tó ń ṣeré nínú òjò.

Nígbà tó di oṣù kejì, Rẹ̀mílẹ́kún ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ wá o! Wọ́n ti bímọ!" Àwọn ọmọ ẹja náà tín-ín-rín bí irun ojú. Gbogbo agboolé sáré jáde, Bàbá Rájí ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri, orí rẹ̀ ló sì wà.

"Àtọdúnmọ́dún tí mo ti ń pẹja," ni Bàbá wí, "mi ò rí ẹja bímọ nínú ilé rí. Ládépọ̀, gé àpótí tèmi náà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi gé e.