Èéfín Pákó Káfíńtà

Aránṣọ ni ìyàwó káfíńtà, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, ojú ń ta á, ó ń pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ pòròpòrò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: tí kò bá kúrò nídìí èéfín, ojú náà á fọ́.

Ta ló ń kó èéfín wálé? Ọkọ rẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo lọkùnrin yìí ń di àgékù pákó bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n kùn lọ́dà àti èyí tí wọ́n fi oògùn tó ń pa ikán kùn. Kò sí igi inú igbó tí èéfín rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra gáàsì."

"Gáàsì kẹ̀? Èmi tí mò ń gbé igi ọ̀fẹ́ wálé! Oúnjẹ tí wọn ò fi igi sè, ẹnu mi ò gbà á."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹnu tirẹ̀ ló ń rò, kò ro ojú ẹlòmíì. Ọkùnrin tí kì í yọjú sílé ìdáná àfi tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ti jinná!

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rán apá aṣọ sódì. Oníbàárà bú u, ó sì gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Inú bí obìnrin náà gan-an. Ó délé, ó gbé ìkòkò ka iwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ adùn igi. Ẹ dáná."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé. Ojú ni ò ríran mọ́."

Ebi lé káfíńtà wọlé ìdáná. Ó to pákó mọ́ra gádígádí bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, kò fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn rárá. Èéfín dúdú bo ibẹ̀. Ó fẹ́ iná títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti sáré jáde, ó ń wúkọ́, ó ń fi aṣọ nujú.

"Yéè, ojú mi o! Níbo ni wọ́n ti ń ta gáàsì?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ ọkùnrin yìí, kò gbọ́. Ojú tirẹ̀ ò tíì ta á fún wákàtí kan, ó ti ń wá gáàsì.

Gáàsì dé lọ́jọ́ kejì. Ojú obìnrin náà ò fọ́, àmọ́ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Káfíńtà sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun!