Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Di Okùn Mi Mú

Ọjọ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mòòkùn nínú omi dáàmù nítòsí Ìsẹ́yìn, láti mọ irú ẹja tó ń gbé ibẹ̀, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ìyá mi tẹ̀ lé mi. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò di okùn ìdí mi mú. Àdéhùn wa ni pé bí ó bá fà á, kí n fà á padà.

Mo gbé ẹ̀rọ ìmí sẹ́yìn, mo ṣe Bísímílà, mo sì mòòkùn. Nísàlẹ̀, ẹja epìyà kan la ẹnu, àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ sì sá wọ ibẹ̀ láti fara pamọ́. Ó yà mí lẹ́nu débi pé n kò mọ̀ pé ìyá mi ti ń fa okùn.

Lójijì, ọwọ́ kan gbá mi mú, ó sì fà mí yọrí sókè. Ìyá mi ni, tòun ti híjáàbù, nínú omi tó mù ún dé ọrùn, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀!

"Mùínátù, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má bínú, màámi. Ẹja ni mò ń wò."

"Ẹja! Èyí tí mò ń rà fún ọ lọ́jà ńkọ́?"

Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní ó tó, kí n jókòó sétí omi. Ìyá mi nu ojú, ó sì tún okùn náà so mọ́ mi nídìí.

"Ẹ jẹ́ kó padà, sà. Kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀."

Ó fa okùn náà wò lẹ́ẹ̀kan, mo sì fà á padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ ta mí lọ́rẹ.