Wárántì Ọdún Mẹ́ta àti Ìbínú Mekáníìkì Mi

Òórùn ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo àga ọkọ̀ tuntun, bí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, òórùn rẹ̀ a gba inú ọkọ̀ kan, a sì máa ṣe ẹni bí ẹni pé ayé ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, tí mo ń fi ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi yẹ ìyẹ̀fun wò, tòkunbọ̀ ni mo ń wà. Ọkọ̀ tí òyìnbó bá ti lò títí tó fi sú u, ìgbà náà ni tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ wa pa owó pọ̀ ra ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí fún èmi àti ìyá wọn, mi ò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀rá yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyàwó mi ní bí òun bá ti jókòó, aṣọ òun a lẹ̀ mọ́ ọn, òógùn a sì bo òun. Mo ní kó fara dà á, pé ohun tó dára kì í rọrùn.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbé e ní Àgídìngbì, ọmọbìnrin tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ló ṣàlàyé wárántì fún wa. Ó ní fún ọdún mẹ́ta, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà tí kì í ṣe àfọwọ́fà wa, àwọn ni wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa gbé e wá fún sáfíìsì bí àkókò bá ti tó, a ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Ìyàwó mi ló bi í léèrè.

"Ẹlòmíràn tí ẹ wí yẹn, ṣé mekáníìkì wa náà wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, òun gan-an là ń bá wí."

Ní agbègbè wa, ọlọ́kọ̀ àti mekáníìkì rẹ̀, bí àna ni wọ́n ń ṣe síra wọn. Èèyàn kì í ṣàdédé gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí o bá gbé e lọ, ẹni tí o gbé e lọ bá yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé ṣé ọ̀gá tó ń bá ọ ṣe é tẹ́lẹ̀ ti kú ni. Tèmi ní ṣọ́ọ̀bù sí Dópẹ̀mú, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni mò ń pè é, nítorí òun ló mú kí gbogbo tòkunbọ̀ tí mo rà máa mí. Nígbà tí ìyá mi kú, òun ló fi bọ́ọ̀sì oníbàárà rẹ̀ kan kó àwọn ará ilé wa lọ sí Ìjẹ̀bú, kò sì jẹ́ kí n ra epo sí i.

Bí a ṣe ń mú ìyàwó lọ kí ẹbí ni mo ṣe gbé ọkọ̀ tuntun náà lọ fún un. Ó gbàdúrà, ó da omi sí ẹsẹ̀ táyà, ó sì yí i po títí. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n tètè yọ tẹmosítáàtì."

Tẹmosítáàtì ni irin kékeré kan tí kì í jẹ́ kí omi tútù wọ ẹ́ńjìnnì títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n. Kò sí mekáníìkì ìgbà náà láti Agége dé Dópẹ̀mú tó fẹ́ràn irin yìí. Wọ́n ní òyìnbó tí òtútù ń pa ló nílò rẹ̀, pé ta ni yóò tún máa mú ẹ́ńjìnnì gbóná nínú oòrùn tiwa yìí? Bí wọ́n ṣe ń dábẹ́ fún ọmọ tuntun ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé oore ni wọ́n ṣe fún un.

Mo rọra ṣàlàyé ohun tí kọ́ńpìnì tó ta ọkọ̀ náà sọ, pé ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án.

"Èmi ni ẹlòmíràn?"

"Ọ̀gá, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́."

"Mò ń bi yín léèrè ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mo máa ń mọ̀ bí ọkọ̀ yín bá ń wúkọ́ kí ẹ tó mọ̀ pé ọmọ yín ń wúkọ́, èmi ni ẹlòmíràn?" Ó mú àkísà, ó nu ọwọ́ tí kò tíì dọ̀tí. "Ẹ máa lọ. Kí kọ́ńpìnì máa tọ́jú yín."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá ní Dópẹ̀mú, yóò dìde dúró ṣánṣán, yóò kí mi bí ọmọ ogun: "Kọ́ńpìnì ń kọjá o." Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ta táyà fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sì di Bàbá Kọ́ńpìnì. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì fẹ̀sọ̀ mú wárántì mi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò. Sáfíìsì kan kò yẹ̀. Ìró kékeré tí mo bá gbọ́, Àgídìngbì ni. Wọ́n bá mi pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn kan. Wọ́n pààrọ̀ iná ẹ̀yìn tí omi òjò ń wọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò rí i kí n sáré báyìí lọ bá dókítà nígbà tí orúnkún ń dùn mí.

Ó ku bí oṣù kan kí wárántì náà parí tí ọ̀ràn dé. A ń bọ̀ láti Aláúsá, níbi tí a ti lọ kí ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí a ṣe dé Dópẹ̀mú, mo gbọ́ ariwo kan bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, ọwọ́ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnnì gòkè lọ kíákíá, èéfín sì ń yọ níwájú. Ibi tí mo ti rí àyè dúró, iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mekáníìkì ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Gíá ni," ló wí. "Mo ti gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n."

Ọwọ́ mi ò kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì yẹn, wárántì ti lọ, mi ò sì mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí owó tí wọn yóò fi tún un ṣe. Bí mo bá sì tún lé ọkùnrin yìí padà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa ti parí pátápátá.

Ìyàwó mi ti sọ̀kalẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí ooru, ó sì jókòó lé e.

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó kọ́kọ́ gbé mi sọ̀kalẹ̀."

"Màmá, ẹ ó jóná o."

"Jẹ́ kí n jóná. Ó ku oṣù kan."

Ọ̀gá mekáníìkì wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú rẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ikùn mú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, Màmá. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"O ò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n wàá bá wa wọ́ ọ dé Àgídìngbì. Bí ìyàwó bá ń ṣàìsàn, ṣé òun nìkan ni yóò dá rìn lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ni?"

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ó fi okùn so ọkọ̀ wa mọ́ tirẹ̀, ó sì wọ́ wa lọ.

Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní kọ́ńpìnì yẹ àwọn ìwé sáfíìsì mi wò, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ orí ba wo ẹ́ńjìnnì, ó fajú ro. Ó ní ọ̀dà tó wà lórí nọ́ọ̀tì kan ti bó. "Bàbá, ó jọ pé wọ́n ti tú ibí yìí rí. Ẹ ní mekáníìkì níta, àbí?" Ojú rẹ̀ sì wà lára ọkùnrin tó dúró tì mí, tí gírísì bo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó dà bí ẹni pé a ti fọwọ́ ara wa mú ẹni tí wọ́n ń wá wá fún wọn.

"Èmi ni mekáníìkì náà," ni ọ̀gá mekáníìkì wí. "Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ti dé ni mo ti ń bá bàbá yìí jà, torí pé kò jẹ́ kí n tú u. Ẹ lọ béèrè ní Dópẹ̀mú. Bí mo bá ti tú u, kí ni mo tún ń bínú sí?" Ó nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì. "Àti pé, ẹ wò ó bóyá tẹmosítáàtì wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá ti kàn án, ẹ ò lè bá a."

Ọ̀gá kọ́ńpìnì kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà mọ̀ wọ́n, pé kò sí ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ṣí tí irin yẹn ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Wọ́n tú u wò. Ó wà níbẹ̀, ó ń dán. Pọ́ńpù omi ló bàjẹ́ láti ilé-iṣẹ́ wá, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Gíá tí o ní o gbọ́ láti òkèèrè ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi í bí a ṣe ń padà.

"Màmá, ariwo wọn jọra."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wárántì parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ọkọ̀ lọ sí Dópẹ̀mú, mo sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á. "Ẹ lọ tò sẹ́yìn, Bàbá Kọ́ńpìnì. Àwọn oníbàárà mi wà níwájú yín." Mo lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì pákó tó wà lábẹ́ páànù, mo sì dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò sí ìgbà tí dídúró dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa ti di gbọ̀ngàn ìsìn báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò sì sí mọ́. Nígbà mìíràn, bí ilé bá dá páropáro, mo máa ń wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn láìsí ohun tó ṣe é. Ọ̀gá mekáníìkì yóò bi mí pé kí ló bàjẹ́. Màá ní kò sí. Yóò fi àkísà rẹ̀ nu bẹ́ńṣì náà fún mi, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.