Èéfín Bàálù Baba Onílé

Tí bàálù bá ń kọjá lórí ilé wa n'Ífákò, baba onílé wa á dá ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n á nàka sókè: “Ẹni tó ń wa eléyìí ò mọ̀ ọ́n wà!” Bẹ́ẹ̀, wọn ò wọ bàálù rí.

Ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun wá fi bàálù fóòmù kékeré onírìmóòtù ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá ní àfi kó rú èéfín, kí ọmọ náà lè rí i lórí fóònù. Ni wọ́n bá so kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń jó mọ́ ọn.

Mo ní, “Bàbá, fóòmù mà ni!”

“Dákẹ́ jọ̀ọ́. Kọ́ìlì kì í jó, èéfín lásán ni.”

Gbogbo àwa ayálégbé ń wòran. Bàbá tẹ rìmóòtù, bàálù gbéra, atẹ́gùn fẹ́ kọ́ìlì, ó pọ́n, ọ̀kan nínú apá bàálù yọ́, bàálù sì forí sọ gọ́tà.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ní, “Páílọ́ọ̀tì wa, ẹni tó wa ìyẹn ńkọ́?” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ké lórí fóònù: “Grandpa, ṣé ó já ni?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ó balẹ̀ ni.”

Bàálù ṣì ń kọjá lórí ilé wa. Bàbá kì í wòkè mọ́. Èmi ni mo ń wò ó, tí mo ń retí kí Bàbá bú páílọ́ọ̀tì.