Tùràrí Ọpẹ́ fún Ìwòsàn Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà di ẹni tó lè fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí ikọ́ fée ń dà mí láàmú ní àdúgbò wa, Kabawa, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí ọyẹ́ bá ti bo orí òkè Mount Patti tó wà lẹ́bàá wa, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wòlíì ilé àdúrà wa ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń súfèé níbẹ̀, tùràrí ló sì máa lé e jáde. Ìyá mi á sun ún nínú yàrá wa, wọ́n á ti fèrèsé pa kí agbára rẹ̀ má bàa jò. Èmi tí mo ti ka Bíbélì já máa ń sún mọ́ àwo náà kí ìbùkún má bàa fò mí. Bí mo ṣe ń fà á símú ni èémí mi ń há. Wòlíì á ní ẹ̀mí náà lágídí, ìyá mi á sì bu tùràrí kún un.

Nígbà tó yá, obìnrin ará Ìlọrin tó ń tà á fún wa rìnrìn àjò, tùràrí sì tán. Àyà mi dákẹ́. Wòlíì ní ààwẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́, ó ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Obìnrin tó ń ta tùràrí ti dé nígbà yẹn, wọ́n bá sun tùràrí ọpẹ́, àwo kan níwájú mi, òmíràn lẹ́yìn.

Bí mo ṣe dé ibi "Ọlọ́run ti wò mí sàn" ni ọ̀fun mi dí. Ìjọ rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló gbé mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá mi nìkan ló rí i pé ètè mi ti ń dúdú. Ìyá mi bá ń wọ́ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ibo lẹ ń gbé e lọ? Ẹ̀mí ò tíì jíṣẹ́ tán," ni Wòlíì wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó mí ná."

Ní ọsibítù, dókítà gún mi lábẹ́rẹ́, ó wá béèrè ohun tí a ń sun nílé.

"Èéfín mímọ́ ni, Dókítà," ni ìyá mi dáhùn.

"Ìyá, ẹ̀dọ̀fóró ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ó fún mi ní ike oògùn kékeré kan tí mo máa ń fín sẹ́nu, tí mo sì ń fà sínú. Wòlíì ní àìgbàgbọ́ ni ike náà. Ó wọ awò ojú nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan tùràrí, mo máa ń gbé àga mi jáde, mo sì ń kọrin láti ìta. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tó máa wo ojú yín nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń pàtẹ́wọ́.